Àga Tí Kò Yọ̀ Mọ́

Festac, Èkó
Àárọ̀ Sátidé

Àjàní ọkọ mi, Ayọ̀délé ọmọ mi,

Ìyàwó rẹ pè mí lánàá. Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lójú burúkú, ka lẹ́tà yìí tán ná. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè orí tó ń fọ́ mi, ó béèrè ẹsẹ̀ bàbá rẹ, ó tún béèrè bóyá àwọn oníbàárà ń wá. Nígbà tó béèrè gbogbo ohun tó ṣeé béèrè tán, tí kò sì pa fóònù, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ọmọ yìí. Mo ní, "Bùkọ́lá, sọ ọ́ jáde, káàdì rẹ ń jó lọ." Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú o. Àga kan tí Ayọ̀ gbé wá láti Èkó ni. Pákó gbọọrọ ni, àga mọ́tò wà lórí ẹ̀, rọ́bà dúdú wà lábẹ́ ẹ̀. Àárín pálọ̀ ló gbé e sí. Mo ní kó gbé e síta, ó ní àfi kí òun náà bá a síta."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé oṣù kan, àga ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo bi ọmọ náà pé, "Ṣé Ayọ̀ kò sọ ìtàn àga yẹn fún ọ ni?" Ó ní ohun tí o sọ kò ju pé ti bàbá rẹ ni. Àjàní, o fẹ́ kí ìyàwó rẹ bọ̀wọ̀ fún ohun tí o kò là yé e. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Ojú ni ó fi ń wò ó, ó sì rí pákó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò gba inú fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Bàbá rẹ á mú un wá fún ọ. Ka á sókè létí ìyàwó rẹ, ibi tí mo bá sì ti bá ọ wí, má fò ó.

Bùkọ́lá ọmọ mi, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún tí Ayọ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ń dúró de yunifásítì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí náà la ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, bí o ṣe bá a. Abẹ́ wa gan-an ni Alhaja ń gbé, ọmọ onílẹ̀ láti Kuje ìtòsí wa níbí, ìyá tí etí wọn mú débi pé wọ́n lè mọ ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn láti inú ilé ìdáná. Bàbá Ayọ̀ ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan. Bí o bá fẹ́ mọ irú dírẹ́bà tí wọ́n jẹ́, àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì wọn a máa sùn láti Festac títí wọ́n á fi dé ẹnu iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gun ọ̀kadà bọ̀ láti Agboju, ọ̀kadà náà sì gbé wọn ṣubú. Orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fọ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ bíréèkì nìyẹn. Wọ́n dì í, ó jinná, wọ́n tú u, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ le gbagidi, ó sì ń gbọ̀n bí wọ́n bá fi tẹ nǹkan. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ní kí wọ́n wá ṣe ìdánwò ọkọ̀ tó bá ṣe díẹ̀. Bí wọ́n bá yege, kí wọ́n padà sídìí bọ́ọ̀sì. Bí wọn kò bá yege, kí wọ́n máa ṣí géètì.

Bàbá Ayọ̀ ní kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn máa ṣí géètì, kò sì burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọrin ní balùwẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ mi, kò sí àárọ̀ tí n kì í gbọ́ orin wọn láti inú balùwẹ̀, orin tí wọn kò mọ̀ tán tí wọ́n máa ń fi ohùn imú parí. Nígbà tí orin yẹn dákẹ́ ni mo mọ̀ pé ọkọ mi ń bẹ̀rù.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ rẹ lọ ra sítíárìn gẹ́ẹ̀mù tòkunbọ̀ ní Aláàbà. Gẹ́ẹ̀mù mọ́tò ni, tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Sítíárìn á wà lórí tábìlì, pẹ́dàlì méjì á wà nílẹ̀, ọ̀kan láti tẹná, ọ̀kan fún bíréèkì. Àga rọ́bà funfun ló ń jókòó lé, ilẹ̀ pálọ̀ wa sì jẹ́ irú ilẹ̀ dídán tí wọ́n ṣe sí àwọn ilé Festac àtijọ́, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń hàn nínú ẹ̀. Bó bá ti tẹ bíréèkì, àga á sá sẹ́yìn, á lọ kọlu fìríìjì. Ayọ̀ á pariwo, "Ó yọ̀!" Á wọ́ ọ padà, á tún tẹ̀ ẹ́. "Ó tún yọ̀!" Inú bí mi. Bàbá jókòó sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n, ọmọ ń fi mọ́tò inú tẹlifíṣọ̀n sáré. Mo gba wáyà rẹ̀, mo tì í mọ́nú àpótí òwú mi.

Mo gòkè lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti mú òwú pupa, mo bá Bàbá Ayọ̀ lórí àga rọ́bà náà. Tẹlifíṣọ̀n kò tàn, kò sí wáyà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sáà wà lórí bíréèkì gẹ́ẹ̀mù, wọ́n ń làágùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, àga gbé wọn sá sẹ́yìn. Wọ́n wọ́ ọ padà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún sá. Nígbà tí wọ́n rí mi, ojú tì wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Ayọ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yìí ṣì lè dá mọ́tò dúró ni. N ò sì lè mọ̀. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, àga á ti gbé mi lọ. N ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni ò lágbára ni, àbí àga ni ò dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ṣí àpótí òwú, mo mú wáyà, mo pe Ayọ̀. Mo ní, "Gbà. Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ wá nǹkan ṣe sí àga yẹn." Láti ọjọ́ náà, gẹ́ẹ̀mù kúrò lọ́rọ̀ eré nílé wa.

Àjàní, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyí. Bí nǹkan kò bá gún láàárín ìwọ àti ìyàwó rẹ, má yára sọ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ni kò lágbára. Kọ́kọ́ wo àga. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé ìlú tuntun ni kò tíì bá a lára mu, kò mọ ẹnì kankan ní Ìlọrin yàtọ̀ sí ìwọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń pè ní aláìlera, ibi tí wọ́n jókòó lé ló ń yọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé àga ti ògiri. Ó dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n ní àga kò ríbi sá mọ́. Òótọ́ ni, àga kò sá. Bàbá Ayọ̀ tẹ bíréèkì, pẹ́dàlì ló bá tirẹ̀ lọ síwájú, ó gba abẹ́ tábìlì kọjá, wáyà fa sítíárìn, sítíárìn já bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù.

Ìkejì nìyẹn: ẹ má fi wá ṣe ògiri. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, ìyá mi ni mo fi ṣe ògiri. Bí bàbá rẹ bá ti sọ̀rọ̀ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, Ìkirè yá, mo ti wọkọ̀ lọ sílé ìyá mi. Mo rò pé mo ríbi fẹ̀yìn tì, n kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń fẹ̀yìn ti ìyá mi ni ọkọ mi ń jìnnà sí mi. Ìyá mi ló dá mi padà lọ́jọ́ kan láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní ẹ̀wà tó wà lórí iná kò ju ti ẹnì kan lọ. Bùkọ́lá, mo fẹ́ kí o máa pè mí, mo fẹ́ràn ohùn rẹ. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ dé etí ọkọ rẹ kó tó dé tèmi. Èmi ìyá ọkọ ni mo ń sọ èyí, mélòó nínú wa ló máa ń sọ ọ́?

Ọ̀nà kejì ti Bàbá Ayọ̀ ni. Wọ́n ní nǹkan tó wúwo ni àga ń fẹ́. Síméńtì kan ṣẹ́kù nínú àpò láti ìgbà tí wọ́n tún balùwẹ̀ ṣe, wọ́n dì í mọ́ ẹsẹ̀ àga rọ́bà, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù síwájú pẹ́dàlì. Mo ní, "Bàbá Ayọ̀, ṣé kò ní fọ́?" Wọ́n ní kí n lọ máa ránṣọ mi. Mo lọ. N kò tíì dé ìdí máṣíìnì tí mo fi gbọ́ ọ. Àga ti yọ̀ tòun ti síméńtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, àpò ti ya, gbogbo pálọ̀ ti kún fún eruku. Ayọ̀ ń pariwo láàárín eruku, "Ó tún yọ̀ o!"

Alhaja gòkè wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tún ìborùn wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ìyá Ayọ̀, ẹ mọ̀ pé n kì í dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀."

Mo ní, "A mọ̀, Alhaja." Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Láàárọ̀, ó yọ̀. Lọ́sàn-án, ó tún yọ̀. Mo ní kí n má dá sí i. Ṣùgbọ́n tòní yìí, gílóòbù mi já bọ́. Ayọ̀ kí ló wọlé yìí tó ń gbọ̀n mí lórí báyìí, tẹ́ ẹ ò lè sọ fún mi kí n bá yín yọ̀?"

Bàbá Ayọ̀ funfun látòkè délẹ̀. Wọ́n wo Alhaja, wọ́n wo àga tó dojú délẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ ọ̀kadà, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Wọ́n ní, "Alhaja, àga ló ń yọ̀. Àwa ò tíì yọ̀ rárá." Wọ́n wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, ẹsẹ̀, ìdánwò, géètì. Alhaja gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Ó dáa náà. Ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí kò fi ní yọ̀ mọ́, kí gbogbo wa lè yọ̀." Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ, wọn kò tún sọ̀rọ̀ gílóòbù.

Àjàní, ìkẹta, gbọ́ ọ dáadáa, torí ìwọ ni mo ń bá wí níbí. Ohùn ńlá ni síméńtì. "Èmi ni olórí ilé," síméńtì ni. "Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ó parí," síméńtì ni. "Àfi kí n bá àga síta" tí o sọ fún ọmọ ọlọ́mọ, àpò síméńtì tó kún dẹ́nu ni. Kì í dá ohun tó ń yọ̀ dúró. Á yọ̀ tòun tiẹ̀, eruku á wá bo gbogbo yín.

Ọ̀nà kẹta ló fẹ́ẹ̀ dára. Ayọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní ojú ọ̀nà Agboju, ó gba túùbù táyà àlòkù, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga mìíràn. Bàbá Ayọ̀ tẹ bíréèkì, àga dúró. A ti ń palẹ̀ ayọ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, eruku ti bo ilẹ̀, eruku ló wà láàárín rọ́bà àti ilẹ̀. Bá a bá fi àkísà tútù nù ún, á dúró. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á tún máa rìn.

Rọ́bà dára o. Rọ́bà ni "jọ̀ọ́" àti "o ṣé" àti "má bínú". Ẹ máa lò ó, kí ẹ sì máa nù ún, torí kò sí ilé tí eruku kì í wọ̀. Àmọ́ rọ́bà nìkan kò tó. Mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ títí tí wọ́n fi túká jẹ́jẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu. Èmi ni mo rí ojútùú rẹ̀, bàbá yín kò sì lè jiyàn, torí wọn kò ní í ka lẹ́tà yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Máṣíìnì oníná ni mo fi ń ránṣọ. Gbogbo télọ̀ ló mọ ìwà tí pẹ́dàlì máṣíìnì oníná máa ń hù: bí o bá ti ń tẹ̀ ẹ́, á máa rọra rìn lọ, títí o fi máa na ẹsẹ̀ tán tí o kò ní bá a mọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fi ọ̀já aṣọ so tèmi mọ́ ẹsẹ̀ àpótí tí mo ń jókòó lé. Mo so ó tán, mo gbàgbé pé mo so ó. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀já gbó, ó já, pẹ́dàlì sì sá lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún un so. Mo wà ní bíbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èrò kan kò jẹ́ kí n dìde. Kí ló ń ti pẹ́dàlì lọ? Èmi tí mo jókòó sórí àpótí ni. Kí ló ń dá a dúró? Àpótí kan náà tí mo jókòó lé ni. Bí mo bá ṣe tì í tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí ń fà á mọ́ra tó. Kò kan ilẹ̀ rárá.

Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo gun òkè. Mo ní, "Bàbá Ayọ̀, àga ń sá fún pẹ́dàlì, pẹ́dàlì ń sá fún àga, ẹ̀yin wá ń bá ilẹ̀ jà. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ so àwọn méjèèjì pọ̀." Wọ́n ń wo ẹnu mi. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ fò dìde. Ó ní, "Màámi, pákó kan. Ká de àwọn méjèèjì mọ́ orí pákó kan." Nítorí náà, èmi àti Ayọ̀ la jọ ni ín, èmi ni mo sì ni ìdajì tó tóbi jù.

Wọ́n ra pákó tó nípọn lọ́dọ̀ káfíńtà kan ní Kuje. Àga mọ́tò àlòkù, Abúlé Adó ni Ayọ̀ ti rí i lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, orí ló sì fi rù ú délé. Ó ní bí òun ṣe ń kọjá ni àwọn ọlọ́kadà ń bi òun pé, "Bọ̀dá, mọ́tò yẹn ńkọ́?" Òun náà ń dá wọn lóhùn pé ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n fi bóòtù de àga mọ́ pákó, wọ́n fi bóòtù de pẹ́dàlì mọ́ iwájú pákó kan náà. Wọ́n lu ihò mélòó kan síwájú sẹ́yìn kí pẹ́dàlì lè ṣeé sún, torí ẹsẹ̀ Bàbá Ayọ̀ gùn ju ti ọmọ wọn lọ. Mẹkáníìkì fi sípíríngì líle sẹ́yìn bíréèkì kó lè wúwo bíi ti bọ́ọ̀sì. Rọ́bà túùbù tó kù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bàbá Ayọ̀ jókòó. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé bíréèkì. Ayọ̀ ti la ẹnu sílẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára láti pariwo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo rí iṣan ọrùn wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i, títí ìdí wọn fi fẹ́ẹ̀ kúrò lórí àga. Kò sí ohun tó mira. Ayọ̀ ṣì la ẹnu sílẹ̀. Mo ní, "Ó dà?" Ó ní, "Màámi, kò yọ̀."

Bàbá Ayọ̀ tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fọwọ́ pa orúnkún, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ yìí wà níbẹ̀ o. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí." Mo sunkún, n kò ní purọ́. Ìgbà yẹn ni ohùn Alhaja gòkè wá láti ìsàlẹ̀: "Ìyá Ayọ̀, ṣé kò sí nǹkan o? N ò gbọ́ yín lónìí."

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó sórí rẹ̀. Bí iná bá wà, àwọn àti Ayọ̀ á ta gẹ́ẹ̀mù mọ́tò, wọn kò sì borí rí. Ibi tí àwọn mọ́tò yòókù bá ti ń sáré wọ kọ́nà, Bàbá Ayọ̀ á tẹ bíréèkì. Ayọ̀ á ní, "Bàbá, ìdíje ni o." Wọ́n á ní, "Èrò wà lẹ́yìn mi." Bí iná kò bá sí, wọ́n á sáà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú, wọ́n á máa tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ dẹ́kun gbígbọ̀n. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ orin láti inú balùwẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ dé ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn imú parí ẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò, ọ̀gá wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n wà á lọ, wọ́n wà á bọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé padà, ọ̀gá náà ṣàdédé ní, "Dúró!" Bàbá Ayọ̀ tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì dúró ṣinṣin, fìlà ọ̀gá nìkan ló ń lọ. Ọ̀gá gbé fìlà nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku ara rẹ̀, wọ́n ní, "Bọ́ọ̀sì yín nìyí."

Wọ́n gbé e wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ fèrè, mo sì mọ ọwọ́ tó ń fọn ọ́n. Mo jáde láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Alhaja sá jáde tàwọn ti asẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ó tún yọ̀ ni?" Mo ní, "Alhaja, kò yọ̀! Àwa là ń yọ̀." Alhaja gbé asẹ́ sókè, wọ́n jó yí bọ́ọ̀sì ká. Nígbà tí wọ́n jó tán ni wọ́n wá rántí pé àgbà ni àwọn, wọ́n fa Ayọ̀ létí, wọ́n ní kó rántí pé ayọ̀ àyọ̀jù làkèré fi ń ṣẹ́ nítan. Bùkọ́lá, ohun tó wà láàárín pálọ̀ rẹ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló tóbi jù. Ẹ ó máa ti ara yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tọkọtaya gidi kì í ti ara wọn, kò tíì gbé ilé ọkọ, tàbí kò tíì fẹ́ ìyàwó. Bàbá yín ṣì ń tì mí, èmi náà kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé orí pákó kan náà lẹ wà. Ohun tí ìwọ bá mọ̀, kí òun mọ̀ ọ́n. Ilé tí ẹ fẹ́ gbé, kí ẹ jọ lọ wò ó. Ẹ̀bi tó bá dé látìta, kó bá ẹ̀yin méjèèjì lórí ìjókòó kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń ti ara yín tó ni bóòtù á ṣe máa dì yín mú tó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó kàn máa bá ilẹ̀ jà ni.

Lórí ẹjọ́ àga, ìdájọ́ mi rèé. Ayọ̀, gbé e kúrò láàárín pálọ̀ lónìí. Ìyàwó rẹ ló máa sọ ibi tó máa wà, o kò sì ní fajú ro. Bùkọ́lá, ibikíbi tó bá wù ọ́ nínú ilé ni kí o fi sí, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ inú ilé.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún yín wà lọ́dọ̀ yín báyìí, ẹ fún wọn lómi. Àwọn ló wa bọ́ọ̀sì láti Festac dé Ìlọrin. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sídìí géètì ló dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yín. Kí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bùkọ́lá, ìwọ ni kí o jókòó sórí àga. Ayọ̀, kúnlẹ̀, bá a sún pẹ́dàlì dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tó o. Kí ó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ bíréèkì.

Bí ó bá yọ̀, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, n kò ní bínú. Bí kò bá yọ̀, ẹ pè mí. Alhaja ti gbé àpótí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọn kò ní í kúrò nídìí fóònù títí àwọn á fi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó Ayọ̀ fúnra rẹ̀, kí àwọn lè bá wa yọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, télọ̀ tó so pẹ́dàlì mọ́ àpótí.